Ọ̀gà Kò Létí

Gàrí ló kọ́kọ́ jóná. Mùsílímátù ń yan án nínú agbada lẹ́yìn ilé, èéfín gbà á lójú, nígbà tí bọ́lẹ̀kájà kan fọn fèrè lójú títì, tí awakọ̀ na ìwé pélébé kan sí tíṣà Ọlọ́runyọmí, tó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Tíṣà ní ń bá gbogbo abà Òkè-Ìrókò ka ìwé. Onígbàgbọ́ ni, ọmọ ilé míṣọ́nnì, ó sì fẹ́ràn kí ó máa ka ìwé oníwèé sókè ketekete bí ẹni tó dúró lórí àga ìwàásù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, ó ti fi ojú ka ìwé náà tán kí ó tó dé ìdí agbada, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ jókòó."

"Ṣé kò sí nǹkan, tíṣà?"

"Ẹ ṣáà jókòó ná."

Kò jókòó. Tíṣà bá na ìwé síwájú, ó kà á.

"'Sí ìyàwó Ọ̀gá. Ẹ kú ilé o. Ọ̀gá kú lánàá, lẹ́yìn ìrun alásárì. Àìsàn náà kò pẹ́. Ó kọ́kọ́ dúdú, lẹ́yìn náà ó wá funfun. Ojú rẹ̀ kan kò ṣeé pa dé. Dókítà fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa kí ó rẹ ẹ́ sínú oògùn, kí ó má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbà. A ó gbé e bọ̀ lónìí nínú ọkọ̀ ọ̀sán. Ẹ bá wa wá ibi tí a ó sin ín sí. Èmi, Gàfárù.'"

Kò sí ẹnì kan ní Òkè-Ìrókò tí kò mọ ẹni tí Gàfárù ń pè ní Ọ̀gá. Jùbrílù ni, ọkọ Mùsílímátù, tí Gàfárù ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò sì jọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹran tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún ni Jùbrílù ń wá kiri inú igbó, kì í sì í pa á. Àkèré, awọ́nrínwọ́n, oríṣiríṣi ejò, ìjàpá odò tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ: láàyè ló ń mú wọn, láàyè ló ń kó wọn lọ sí ilé-ìwé gíga tó wà lẹ́bàá Ajíbọ́dé, fún Dókítà Olúyínká, dókítà tí kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ohun tí ń fàyà fà nìkan ló kàwé nípa rẹ̀. "Ọdẹ-má-pa-á" ni àwọn ará abà ń pe Jùbrílù. Òun náà á sì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni ire ni, ẹ̀rín kì í wọ́n ọn.

Ẹ̀rín yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tí Mùsílímátù gbọ́ lẹ́nu tíṣà kì í ṣe ìròyìn létí rẹ̀. Èsì ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi kígbe, tí kò fi ju ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó kàn dúró, gàrí ń rùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ti àárọ̀ ọjọ́ Àtìní. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọjọ́ Àláàdì ni wọ́n sọ ọmọ Mùjíbátù lórúkọ. Mùjíbátù yìí ni ìyàwó Sàníù, ẹ̀gbọ́n Jùbrílù, ọmọ karùn-ún rẹ̀ sì nìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn èèyàn ní kí Jùbrílù sọ díẹ̀ fún àwọn nínú ohun tó rí nínú ìwé aláwòrán tí Dókítà máa ń ṣí hàn án. Jùbrílù sì mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní alángbá kan wà lókè òkun, bí ọ̀tá bá dí i mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ ni yóò tú sí i láti inú ojú. Ó ní ẹran omi kan wà nínú ihò àpáta, funfun, kò ní ojú rárá, ó lè fi ọdún púpọ̀ wà láìjẹun. Wọ́n ń ké háà. Ó wá ní:

"Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ báyìí bí ewé tó bọ́. Ẹ̀yìn ló fi ń lóyún! Inú awọ ẹ̀yìn ìyá wọn làwọn ọmọ ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run? Ibi tí kò sí ọ̀nà, ó lànà."

Mùjíbátù ju ọmọ tuntun sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ọ̀já so. "Kí wá ni ẹ ò fi kọ́ ìyàwó yín? Kó yáa máa fi ẹ̀yìn gbìyànjú, nígbà tí ikùn ti kọ̀."

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án ni Mùsílímátù ti wà nílé ọkọ, kò sí ohun tó gun ẹ̀yìn rẹ̀ rí àfi igi ìdáná. Kò ka ẹ̀rín wọn sí, ó ti mọ́ ọn lára. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Jùbrílù náà rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó bá bímọ, ó rọrùn fún un láti pe ọkọ rẹ̀: Bàbá Lágbájá. Mùsílímátù kò ní Lágbájá tí yóò fi pe tirẹ̀, orúkọ àbísọ ọkọ kì í sì í ṣe ohun tí ìyàwó ń là mọ́lẹ̀. Ohun tí Gàfárù ń pè é ni òun náà fi ń pè é láti ìgbà yìí wá. Ọ̀gá.

Ọ̀gà sì wà nílé náà. Alágẹmọ ńlá kan ni, ó gùn láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Jùbrílù rí i lórí igi ìyeyè, tó mú un wálé, tí kò sì lè gbé e fún Dókítà mọ́ nítorí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní alágẹmọ, kí àwọn tí ń fi í ṣe oògùn má bàa gbọ́ kí wọ́n wá jí i. Ọ̀gà, bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe máa ń pè é, ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Gàfárù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọ̀gá, Ọ̀gà ti jẹun o," á sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsílímátù ló ń bọ́ ọ. Òun ló ń mú tata fún un, òun ló ń kán omi sórí ewé ọsàn lẹ́yìn ilé kí ó lè lá a. Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà ní abà yẹn, Ọ̀gà nìkan ni kò bi í léèrè rí pé ìgbà wo ni yóò bímọ.

Ní àárọ̀ Àtìní, Jùbrílù àti Gàfárù fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí àwọn àlejò tí ń bọ̀ láti òkè òkun fẹ́ wò ó. Wọ́n ti fi í sínú àgò onígi. Àwọn méjèèjì wà lójú títì, wọ́n ń wo ọ̀nà ọkọ̀. Mùsílímátù bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àgò, ó ró ìró aláró tó ní àmì funfun wínníwínní, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí kò sùn. Ọ̀gà di ọ̀pá àárín àgò mú pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Obìnrin náà fi ètè kan orí ọ̀pá náà tó yọ lókè àgò, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́:

"Kí Ọ̀gá kú síbẹ̀. Kó má padà wálé mọ́."

Ojú Ọ̀gà kan ń wo títì. Ìkejì rọra yí, ó wá dúró lé e lórí.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ṣe. Mùsùlùmí ni, ó ń kírun, ṣùgbọ́n ta ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí? Àbá tí alágẹmọ bá dá ni òrìṣà òkè ń gbà. Kí ọkọ̀ tó wọ kọ̀rọ̀ ló ti fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn kí ó lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹyin lohùn.

Ìròyìn kì í pẹ́ káàkiri abà. Kí agbada tó tutù, ilé ti kún. Sàníù dé láti oko tòun ti àdá lọ́wọ́, ó ní kí tíṣà tún ìwé náà kà, tíṣà sì tún un kà. Nígbà tó dé ibi oògùn, Sàníù ká ọwọ́ lérí. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ nípa yàrá kan lọ́dọ̀ Dókítà, níbi tí ejò ká jọ nínú ìgò, tí ojú wọn là sílẹ̀ nínú omi.

"Wọ́n fẹ́ fi àbúrò mi sínú ìgò!" ó ní. "Àbúrò mi! Ọpẹ́lọpẹ́ Gàfárù. Ẹ mú ọkọ́ wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí òkú tó dé, kí ilé rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí."

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn.

Àwọn obìnrin mú Mùsílímátù wọlé, wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Mùjíbátù jókòó tì í, ojú rẹ̀ wú, ó ń sunkún gidi, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn Mùsílímátù bí ẹni ń rẹ ọmọ. "Sunkún, ìyàwó," ó ń wí. "Má dì í sínú." Omi kò jáde lójú Mùsílímátù. Ojú fèrèsé ló ń wò, níbi tí ó ti ń rí ẹ̀yìn àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ àti ẹ̀ka igi ọsàn. Ohun kan rọ̀ sórí ẹ̀ka náà, ó ń mì. Awọ tí Ọ̀gà bọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ ni. Ó tín-ínrín, ó funfun, ọwọ́ méjèèjì ṣì di ewé mú, inú rẹ̀ sì ṣófo. *Ó kọ́kọ́ dúdú, lẹ́yìn náà ó wá funfun.* Ó yí ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó wo ibòmíràn títí, kò rí ibi tí yóò fi ojú sí.

Ó gbọ́ tí ọkọ́ dúró.

Ẹnì kan kígbe nínú kòtò. Wọ́n ní wọ́n ti hú ejò olórí méjì jáde, èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó ń dán, tí a kò mọ orí mọ́ ìrù rẹ̀, tí kò sí ojú níhà méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ gbé ọkọ́ sókè. "Fi í sílẹ̀!" Sàníù ní. "Ẹ ò mọ ẹni tó rán an." Ejò náà lọ síwájú díẹ̀, ó sì tún fi ẹ̀yìn lọ, ó wọ ilẹ̀ lọ níbi tí orí òkú yóò wà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn fẹ́ mu omi, wọ́n sì pẹ́ gan-an nídìí àmù.

Sàníù nìkan ló kù létí kòtò. Mùsílímátù dìde lórí ẹní. Àwọn obìnrin rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni, wọ́n jẹ́ kí ó lọ. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n hú jáde.

"Ìyàwó, kí lo wá ṣe níbí? Opó kì í jáde báyìí."

"Bàbá, èmi ni mo pa á."

Sàníù yí ojú kúrò nínú kòtò, ó kọjú sí i.

"Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gà. Láàárọ̀ Àtìní. Mo ní kí ó kú síbẹ̀, kó má padà. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló dùn mí, Bàbá. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé inú mi burú tó yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀." Ìgbà yẹn ni omi tó jáde lójú rẹ̀, ó ń ṣàn dé àgbọ̀n.

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Kò sí ẹnì kankan. Ọ̀gà nìkan."

"Kí ló wá dé tí o fi sọ ọ́ fún mi?"

"Kí ẹ má bàa jẹ́ kí n wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Kí n má fi ọwọ́ yìí sún mọ́ ọn."

Sàníù wo ọwọ́ náà. Ó wo kòtò. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, fèrè ọkọ̀ sì dún lójú títì.

Gbogbo ilé tú jáde. Ọkọ̀ ọ̀sán dúró, eruku bò ó. Gàfárù ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó fajú ro, ó gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé mọ́ àyà. Ohun náà kò ju odindi iṣu kékeré kan lọ. Sàníù wo ohun tó gbé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí nǹkan mìíràn tó ń bọ̀.

"Gàfárù," ó ní, "ìyókù rẹ̀ dà?"

"Ìyókù kí ni, Bàbá?"

"Ọwọ́ àwọn dókítà ti tẹ̀ ẹ́!" Mùjíbátù ké. "Wọ́n ti gé e! Díẹ̀ ni wọ́n fún wa!"

Láàárín ariwo yẹn ni Jùbrílù gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ yọ, ó ń gbọn eruku lára dàńṣíkí rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń pariwo sí? Ta ló kú?"

Háà! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ẹni tó sá wọ oko ẹ̀gẹ́ sá, ẹni tó wọ abẹ́ ọkọ̀ wọ ọ́. Mùjíbátù fi gèlè rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Tíṣà ń pe orúkọ Jésù, àwọn tó kù ń ké Ìnnálílláhì. Mùsílímátù nìkan ni kò sá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, amọ̀ pupa ní eékún rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ó rò pé ó wá mú òun ni. Ó sì gbà.

Sàníù fi ọ̀pá dá àbúrò rẹ̀ dúró lókèèrè. "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lorúkọ ìyá wa?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Àṣàbí ni. Ṣé ara yín yá?"

Sàníù sọ ọ̀pá nù. Ó gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀, ó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tẹ orí rẹ̀ bí ẹni ń dán igbá wò lọ́jà.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Gàfárù tú aṣọ funfun díẹ̀, wọ́n rí ìrù tó ká. Ọ̀gà ló kú. Tíṣà bá yọ ìwé láti inú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìka lù ú. "Wò ó! 'Si iyawo Oga.' Ọ̀gá nìyẹn, àbí? 'Oga ku lana.' Ọ̀kan náà lo kọ lẹ́ẹ̀mejì! Àmì orí rẹ̀ dà?"

"Àmì wo, tíṣà?" Gàfárù ní. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ ìwé, kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ. "Ọ̀gá ni Ọ̀gá, Ọ̀gà ni Ọ̀gà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú ilé wa?"

"Èmi kì í ṣe ará ilé yín!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú oko ẹ̀gẹ́, ó sì gba gbogbo ojúlé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, bí a ti ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára. Jùbrílù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yára dákẹ́ nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé tó rí kòtò.

"Èmi lẹ gbẹ́ ẹ fún," ó ní.

"Ìwọ ni," Sàníù dáhùn. "Ilẹ̀ tó bá ti la ẹnu, a kì í sọ fún un pé a ṣìnà. Yóò jẹ nǹkan."

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Wọ́n gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n ní kí Jùbrílù dúró tì í kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gé e sí, kí ó bá a dọ́gba láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú sàárè. Wọ́n gbé Ọ̀gà lé e nínú aṣọ funfun rẹ̀. Bí Gàfárù ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, aṣọ ṣí lójú ẹran náà, Mùsílímátù sì rí ojú kan tó ṣì là sílẹ̀.

"Ẹran abàmì," Jùbrílù ń sọ fún àwọn tó dúró. "Gbogbo àwọn òyìnbó yẹn ló yí i ká. Dókítà la ẹnu rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó fi hàn wá. Kò létí. Ẹ̀yin, gbogbo ọdún tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, Ọ̀gà kò létí!"

Àyà Mùsílímátù sọ̀ kalẹ̀. Kò létí. Kò gbọ́ ọ, nígbà náà. Ikú lásán ló kú, bí ẹran ti ń kú. Ó mí kanlẹ̀. Sàníù, tó ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ sínú sàárè, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò wo ojú rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Èmi náà kò létí lónìí, ìyàwó."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ilé tó tú. Jùbrílù wà nínú yàrá, ó ń wẹ ọwọ́ yẹ̀pẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mùsílímátù fi ẹ̀yìn ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa gàrí tó jóná kúrò nínú èyí tó dára.

"Mùsílí," ó pè é láti inú ilé.

"Ọ̀gá."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ọjọ́sí. Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo rò ó nígbà tí mo jókòó ti Ọ̀gà lánàá. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Má bínú sí mi."

Mùsílímátù ń ṣa gàrí lọ.

"Láti ìgbà tí a ti débẹ̀ ni kò ti jẹun," Jùbrílù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "A fún un ní tata, ó kọ̀. Omi, ó kọ̀. Kò kúrò lórí ọ̀pá yẹn, ó dì í mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, Dókítà, ṣé ariwo àwọn àlejò ni? Ó ní rárá, pé kò létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tó bá dì mú ló fi ń gbọ́ràn. Ó ní ohun tí igi bá gbọ́, á gba ọwọ́ rẹ̀ wọnú egungun rẹ̀." Omi dà nínú abọ́. "O mọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù? Kí ó tó funfun, ó dúdú bí aró, àmì funfun wínníwínní wá yọ ní gbogbo ara rẹ̀. N kò rí irú àwọ̀ yẹn lára rẹ̀ rí. Mo ń wò ó, mo ní níbo ni mo ti rí aṣọ yìí?"

Ìró aláró náà wà ní ìdí Mùsílímátù. Kò tíì bọ́ ọ láti àárọ̀.

Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú gàrí. Ó gbìyànjú láti rántí bí òun ṣe sọ ọ́. Ètè rẹ̀ ṣí, ó tún un sọ, bó ṣe sọ ọ́ lórí ọ̀pá yẹn gan-an, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kìkì èémí. Gbólóhùn méjì péré. Ó fetí sí i. Kò sí ohùn nínú rẹ̀. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹni tó bú àti ẹni tó ń bọ́. Bí ìwé Gàfárù ni. Ó rò pé ọkọ òun lòun dárúkọ. Ẹni tó wà lórí igi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, lẹ́nu ẹni tó ń fún un lómi, ó sì ṣe bí wọ́n ti ní kí ó ṣe.

"Mùsílí?" Jùbrílù yọjú sí ẹnu ọ̀nà, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lò ń wí? N kò gbọ́ ọ."

Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tutù lẹ́yìn rẹ̀. Igi ìrókò ni, láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dé òrùlé. Mùsílímátù rọra sún ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ náà kúrò, ó dìde dúró sójú àgbàlá níbi tí kò ti kan igi kankan. Oríkì ọkọ rẹ̀ ló pè, èyí tí kò pè rí láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì là á mọ́lẹ̀, ketekete, sókè, tó fi jẹ́ pé Mùjíbátù gbọ́ ọ ní ojúlé kejì.

"Ìyàndá!"